Olú Abẹ́ Ilẹ̀ àti Oró Inú Ewé

Ọ̀rọ̀ ewéko àti kòkòrò ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti ìgbà yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò fẹ́ ṣí ẹ̀yìn ìwé lọ láti wá èsì eré bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ náà kan ohun tí a ń jẹ, ó sì kan ohun tí àwa tìkára wa yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí a bá jáde kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí.

Nígbà tí ènìyàn bá rí ewé tòmátì tí kòkòrò ti jẹ títí tí ó fi dà bí ajere, àánú a máa ṣe é, a sì wí pé ewé náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá, kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi lé ọ̀tá rẹ̀. Òtítọ́ ni pé kò ní ẹsẹ̀, kò sì ní ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tìtorí èyí sọ pé kò ní ohun ìjà, a purọ́ mọ́ ọn. Ta ni ó jẹ ewúro ní tútù láìfọ̀ tí kò fa ojú ro? Ewúro kò korò nítorí tiwa tí a ń fi í se ọbẹ̀; ó korò nítorí àwọn tí ń wá jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Tábà ní oró tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní nicotine, ó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ fi ń rẹ ewé tábà sínú omi, tí wọ́n ń wọ́n ọn sí ara ohun ọ̀gbìn láti pa kòkòrò.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Nínú ewé ẹ̀gẹ́ ni ohun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ linamarin. Níwọ̀n ìgbà tí ewé bá wà ní odidi, ohun yìí jókòó jẹ́ẹ́, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ṣùgbọ́n bí eyín bá ti fọ́ ewé náà, ohun mìíràn tí ewé ti pa mọ́ sí ibi ọ̀tọ̀ yóò ṣàn wá pàdé rẹ̀, yóò sì tú u palẹ̀, cyanide yóò sì jáde, èyí tí í ṣe májèlé. Òun ni ó fà á tí àwọn ìyá wa fi ń gún ẹ̀gẹ́ ní omi, tàbí kí wọ́n rìn ín, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì yan án kí ó tó di ohun tí a lè fi sí ẹnu. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ tata tí ó ní àwọ̀ mèremère tí ń da oko ẹ̀gẹ́ láàmú, tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1977, rí i pé tata náà a máa kọ ewé ẹ̀gẹ́ tí ó ṣì tutù yọ̀yọ̀ nítorí cyanide yìí, ṣùgbọ́n bí ewé náà bá ti rọ, a fi ìdí jókòó, a jẹ ẹ́.

Títí dé ìhín, kò sí ohun tí ó ṣòro. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé pàápàá mọ̀ pé ewé korò, ó sì mọ̀ pé ewé ní oró. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu, tí ó sì mú mi kọ ìwé yìí, ni pé ewéko kì í sábà dá ṣe iṣẹ́ oró náà. Ó ní alábàáṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, alábàáṣiṣẹ́ náà kì í sì í ṣe ewéko, kì í ṣe ẹranko, olú ni.

Bí mo bá dárúkọ olú, ohun tí yóò sọ sí yín lọ́kàn ni èyí tí a máa ń ká ní ìdí ọ̀gán ní àkókò òjò. Ṣùgbọ́n orí olú tí a ń rí yẹn dà bí èso lórí igi. Ara rẹ̀ gan-an wà nínú ilẹ̀ tàbí nínú igi jíjẹrà, ó rí bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ta pọ̀ mọ́ ara wọn. Àwọn tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wọn kì í tilẹ̀ yọ orí jáde rárá. Inú ilẹ̀ àti inú gbòǹgbò ni wọ́n ń gbé ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, fọ́nrán wọn kan kò sì nípọn ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá irun orí ènìyàn lọ.

Ní ọdún 1885, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Albert Bernhard Frank, ṣe àkíyèsí pé gbòǹgbò àwọn igi igbó kì í wà ní ìhòòhò, bí kò ṣe pé olú ti fi fọ́nrán rẹ̀ wé wọn bí ẹni wé ìrùkẹ̀rẹ̀ ní òwú. Ó pe ìdàpọ̀ náà ní mycorrhiza, èyí tí ó jẹ́ olú àti gbòǹgbò ní èdè Gíríìkì. Irú èyí tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn tiwa yàtọ̀ díẹ̀: kì í wé gbòǹgbò ní òde, inú rẹ̀ ni ó ń wọ̀ lọ, a sì pẹ̀ka nínú àwọn yàrá kéékèèké tí gbòǹgbò ní. Bí a bá ka irú ewéko 100 tí ń bẹ lórí ilẹ̀, bí 70 nínú wọn ni ó ní irú olú yìí. Májẹ̀mú wọn kì í sì í ṣe ti àná. Ní Rhynie, ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, a rí ewéko àtijọ́ tí ó ti di òkúta láti nǹkan bí 407 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, fọ́nrán olú sì ń bẹ nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Kí ni olú ń fún ewéko, kí sì ni ó ń gbà? Àwọn àgbà wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. N kò mọ ibi tí òwe náà bá mu ju ìdí gbòǹgbò lọ. Gbòǹgbò tóbi ju kí ó wọ inú àwọn àlàfo tóóró ilẹ̀ níbi tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lúgọ sí. Olú a wọ̀ ọ́, a sì kó o wá. Olú kò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ. Ewé lè ṣe é, a sì bù fún un. Ohun tí ewéko ń bù fún un kò sì kéré, nítorí ó lè tó 20 nínú 100 gbogbo ṣúgà tí ewé bá pèsè. Ẹ̀gẹ́ wa ni ó tilẹ̀ jẹ gbèsè olú ju ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn lọ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, irun gbòǹgbò rẹ̀ kò sì pọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ Kòlóńbíà gbìn ín sínú ilẹ̀ tí wọ́n ti pa gbogbo olú inú rẹ̀, ẹ̀gẹ́ náà dúró sójú kan bí ọmọ tí kò rí ọmú. Ìgbà tí wọ́n dá olú padà sínú ilẹ̀ ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ruwé.

Nísinsìnyí ó yẹ kí n sọ ohun tí ó mú mi wá inú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kì í ṣe ìfẹ́ ìwé nìkan. Ìyá mi ní ọgbà tòmátì kan lẹ́bàá odò. Ọgbà náà kò tóbi, ṣùgbọ́n láti inú rẹ̀ ni owó ilé-ẹ̀kọ́ èmi àti àbúrò mi obìnrin ti ń jáde. Ní èṣín, kòkòrò jẹ ewé àti èso rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí apẹ̀rẹ̀ tí a gbé lọ sí ọjà kò pé ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé ní ìsinmi tí ó kọjá, mo bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pẹ̀lú ìròyìn oògùn kan tí oníṣòwò kan ń tà. Wọ́n ní bí a bá da oògùn náà sínú ilẹ̀ kí a tó gbìn, kò sí ohun ẹlẹ́mìí kan tí yóò kù níbẹ̀, ìbáà ṣe ẹyin kòkòrò, ìbáà ṣe olú, ìbáà ṣe irúgbìn èpò. Owó rẹ̀ yóò gbé ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wí fún mi pé, "Tíṣà, ìwọ náà rí bí kòkòrò ti ṣe ọgbà Ìyá ní èṣín. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Bí a bá pa ilẹ̀ náà, a ti pa wọ́n."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣàìní ìdí. Kòkòrò tí ń jẹ èso tòmátì a máa wọ inú ilẹ̀ lọ ní tòótọ́ láti para dà kí ó tó di àfòpiná. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní àkókò díẹ̀ kí n fi wá inú ìwé wò. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wá inú rẹ̀ wò, ọmọ mi, ṣùgbọ́n rántí pé òjò kò ní dúró de ìwé."

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Gange àti West, tí ó jáde ní ọdún 1994. Koríko kan ni wọ́n fi ṣe ìdánwò, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Plantago lanceolata. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní plantain, ṣùgbọ́n kí orúkọ má ṣe tàn yín jẹ: kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a fi ń dín dòdò, koríko ẹ̀bá ọ̀nà lásán ni. Wọ́n fi olú sílẹ̀ ní ìdí àwọn kan. Ní ìdí àwọn mìíràn wọ́n fi oògùn dín olú kù. Koríko yìí ní oró méjì, aucubin àti catalpol. Oró méjèèjì pọ̀ sí i nínú ewé èyí tí olú wà ní gbòǹgbò rẹ̀, àwọn kòkòrò tí ń gé ewé jẹ àti àwọn tí ń gbẹ́ ọ̀nà sáàárín ewé kò sì bà á jẹ́ tó èkejì. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ dé, inú mi dùn, mo rò pé mo ti rí èsì tí n ó mú lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò tíì parí. Àwọn kòkòrò wínníwínní tí a ń pè ní aphid, àwọn tí kì í gé ewé bí kò ṣe pé wọ́n ń ti abẹ́rẹ́ ẹnu wọn bọ inú iṣan rẹ̀ láti fa omi ara rẹ̀ mu, sanra sí i lórí koríko tí ó ní olú, wọ́n sì bí ọmọ sí i. Ọ̀rọ̀ olú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Lẹ́yìn èyí ni mo bá ti tòmátì pàdé, èyí tí ó kàn mí jù. Ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, Song Yuanyuan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì jáde ní ọdún 2013. Olú tí wọ́n lò ni èyí tí à ń pè ní Funneliformis mosseae nísinsìnyí. Kòkòrò tí wọ́n lò kì í ṣe àjèjì sí wa: Helicoverpa armigera ni, ó ń jẹ tòmátì àti òwú ní ilẹ̀ tiwa náà. Lórí tòmátì tí ó ní olú, kòkòrò náà kò sanra tó èyí tí ó jẹ tòmátì tí kò ní.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Nínú ara ewé ohun kan wà tí a ń pè ní jasmonic acid. Nígbà tí kòkòrò bá gé ewé jẹ, jasmonic acid a pọ̀, a sì dún bí agogo ìdágìrì já gbogbo ara ewéko, ewéko a sì bẹ̀rẹ̀ sí pèsè ohun ìjà. Ọ̀kan nínú àwọn ohun ìjà tòmátì jẹ́ èyí tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà ní ikùn kòkòrò: kòkòrò ń jẹ, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ kò di ẹran ara rẹ̀. Lára tòmátì tí olú wà ní gbòǹgbò rẹ̀, agogo yìí dún kíkankíkan ju ti èkejì lọ nígbà tí kòkòrò dé. Kì í ṣe pé ó ń dún tẹ́lẹ̀. Kí kòkòrò tó dé, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò tó nǹkan. Bí ọdẹ méjì ni wọ́n rí tí wọ́n jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan ti ki ìbọn rẹ̀, tí èkejì kò ì tíì kì í. Mo rò pé ọgbọ́n ni èyí, nítorí oró a máa ná ewéko ní oúnjẹ, ewéko tí ó bá sì ń fi gbogbo ọjọ́ rọ ohun ìjà kò ní so èso.

Ibo ni olú ti rí agbára tí ó fi ń ki ìbọn fún ẹlòmíràn? Apá kan rẹ̀ ni pé ó ń bọ́ ewéko yó, ẹni tí ó yó ni ó sì lè jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí nìkan. Nígbà tí olú bá kọ́kọ́ ń wọ gbòǹgbò, ewéko kò tíì mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni tàbí olè. A dìde sí i díẹ̀, lẹ́yìn náà a mọ̀ ọ́n, a sì jẹ́ kí ó wọlé. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé láti inú ìdìde àkọ́kọ́ yìí ni gbogbo ara ewéko, títí dé ewé òkè pátápátá, ti ń wà ní ìmúrasílẹ̀. Òwe wa wí pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni; ẹni tí ń ran ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ náà, ara rẹ̀ ni ó wà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ìdánwò ẹ̀wà tí Zdenka Babikova àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ará Aberdeen ní Skọ́tíláǹdì àti àwọn ará Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ mọ bí a ti ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ohun tí kò lè fọhùn, kí ó wo ọ̀nà tí wọ́n gbà. Wọ́n gbin ẹ̀wà kan sí àárín, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní broad bean, wọ́n sì gbin mẹ́rin mìíràn yí i ká. Ẹ̀wà kíní nínú mẹ́rin náà kò ní ìdènà kankan. Gbòǹgbò àti olú rẹ̀ lè lọ bá ti àárín bí ó bá ti wù wọ́n. Èkejì wà nínú àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbòǹgbò kò lè gbà á kọjá, ṣùgbọ́n fọ́nrán olú lè gbà á. Àwọ̀n ti ẹ̀kẹta rí bákan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tó, wọ́n yí i po kí gbogbo fọ́nrán tí ó ti kọjá lè já. Àwọ̀n ti ẹ̀kẹrin ni ihò rẹ̀ kéré jù lọ. Olú pàápàá kò lè kọjá. Lẹ́yìn náà wọ́n fi àpò bo àwọn ẹ̀wà náà lókè, kí òórùn má baà gba inú afẹ́fẹ́ lọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Nígbà náà ni wọ́n kó aphid lé ẹ̀wà àárín nìkan.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé nígbà tí aphid bá ń mu ẹ̀wà, òórùn ẹ̀wà náà a yí padà. Nínú òórùn tuntun náà ni methyl salicylate wà, ohun kan náà tí a ń fi sínú òróró ìpara tí àwọn àgbàlagbà ń fi ra ẹ̀yìn tí ń ro wọ́n. Aphid kò fẹ́ òórùn yìí. Ṣùgbọ́n agbọ́n kékeré kan wà tí ó fẹ́ ẹ, nítorí inú ara aphid ni agbọ́n náà ń yé ẹyin rẹ̀ sí, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ aphid náà láti inú jáde. Òórùn kan náà ni ó ń lé ọ̀tá, tí ó sì ń pe ẹni tí yóò pa ọ̀tá.

Kí ni wọ́n rí? Àwọn ẹ̀wà méjì tí fọ́nrán olú so mọ́ ti àárín bẹ̀rẹ̀ sí tú òórùn ìjà náà jáde, aphid sá fún wọn, agbọ́n sì tọ̀ wọ́n wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aphid kan lára wọn! Àwọn méjì tí kò ní ìsopọ̀ kò mọ nǹkan kan. Òórùn wọn rí bí ti ẹni tí ó wà ní àlàáfíà, aphid sì fẹ́ràn wọn. Ìgbà tí wọ́n tún padà wádìí bí ìròyìn náà ti ń yára tó, wọ́n rí i pé kò ju wákàtí 24 lọ. Ní ọdún 2014 àwọn ará Ṣáínà tí mo dárúkọ lókè tún rí ohun tí ó jọ ọ́ lára tòmátì pẹ̀lú kòkòrò tí ń gé ewé. Wọ́n lo tòmátì kan tí a bí láìlè pèsè jasmonic acid dáadáa, wọ́n jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́, aládùúgbò rẹ̀ kò sì gbọ́ ìròyìn kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olú so wọ́n pọ̀. Ẹni tí kò ní agogo kò lè lù ú.

Mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe jẹ́ kí adùn ìtàn yìí gbé yín lọ ju ibi tí ó mọ. Nínú ìkòkò àti nínú ilé tí a fi gíláàsì kọ́ ni a ti ṣe àwọn ìdánwò wọ̀nyí, ewéko kékeré ni a sì lò. Àwọn kan ti mú un dé inú igbó, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn igi ńlá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gba ọwọ́ olú, pé ìyá igi ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 2023 àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Karst, Jones àti Hoeksema, tí àwọn tìkára wọn ti ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí olú igbó, yẹ gbogbo ẹ̀rí náà wò, wọ́n sì kéde pé ìtàn ti sáré ré ẹ̀rí kọjá. Èmi fara mọ́ wọn. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ pé igi ń sọ̀rọ̀ yóò rí ẹ̀rín ọmọ gbà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ ní nǹkan.

Èyí tí ó sì tún yẹ kí a wò ni ọ̀rọ̀ àwọn kòkòrò tí olú kò dá dúró. Ní ọdún 2009, Koricheva, Gange àti Jones kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdánwò àwọn ẹlòmíràn jọ, wọ́n sì gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé kòkòrò agéwéjẹ tí kì í ṣa oúnjẹ, tí ń jẹ onírúurú ewé, kì í gbádùn ewéko tí ó ní olú. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ó ti fi irú ewéko kan ṣoṣo ṣe oúnjẹ a máa gbádùn rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí oró náà ti mọ́ ọn lára, ewéko tí olú bọ́ yó sì ni ewéko tí ó dára jù láti jẹ. Labalábá kan wà ní Amẹ́ríkà, Junonia coenia, tí ó jẹ́ pé aucubin àti catalpol tí ń lé àwọn ẹlòmíràn ni ọmọ rẹ̀ fi ń mọ oúnjẹ tirẹ̀. A tilẹ̀ máa kó oró náà pamọ́ sínú ara rẹ̀ kí àwọn tí ń dọdẹ rẹ̀ má baà lè jẹ ẹ́. Ní ti àwọn tí ń mu omi inú iṣan ewé, bí Gange àti West ti rí i ní 1994 náà ni: wọ́n a máa rí èrè nínú olú, nítorí ẹnu wọn ń gba àárín àwọn yàrá tí oró wà kọjá láìfọ́ wọn.

Pẹ̀lú gbogbo èyí ni mo padà tọ ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Mo sọ fún wọn pé oògùn tí yóò pa ohun gbogbo inú ilẹ̀ yóò pa kòkòrò tí ń sùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n àfòpiná yóò fò wá láti oko ẹlòmíràn, yóò sì bá tòmátì tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Mo sọ pé kí Ìyá má ṣe máa gbin tòmátì tẹ̀lé tẹ̀tẹ̀ lórí ebè kan náà mọ́, nítorí tẹ̀tẹ̀ àti kábéèjì wà lára àwọn díẹ̀ tí kì í sábà bá olú yìí dá májẹ̀mú, ebè tí ó bá sì pẹ́ lọ́wọ́ wọn, olú inú rẹ̀ a dínkù. Kí ó kọ́kọ́ gbin ẹ̀wà tàbí àgbàdo. Mo sọ pé kí a má ṣe da ajílẹ̀ olóyìnbó tí ó kún fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jù, nítorí ewéko tí ó bá ti rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ kì í bọ́ olú mọ́. N kò sì fi pamọ́ fún wọn pé olú kò ní dá aphid dúró, àti pé a ó ṣì máa fi ọwọ́ ṣa kòkòrò.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ mi tán. Ó ní, "Àlàyé rẹ dára. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá tún jẹ ọgbà náà, ṣé olú ni yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò wa?"

N kò rí èsì fún un, nítorí ìbéèrè náà tọ́. Ìyá mi ni ó dá ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun kò ní ra oògùn náà ní ọdún yìí, òun yóò gbin ẹ̀wà ṣáájú bí mo ti wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ Tíṣà," ni ó wí, "gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ títí a ó fi kórè, ìwọ ni yóò máa ṣa kòkòrò náà." Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti ń ṣe. Tòmátì náà wà lórí ìdúró bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó ti ń tanná, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí apẹ̀rẹ̀ yóò gbé.

Mo wú gbòǹgbò tòmátì kan àti gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ kan níbẹ̀, mo sì kó wọn wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀nà kan wà láti fi rí olú náà tí kò gba owó púpọ̀. Vierheilig àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1998, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n kí a tó lọ kọ́ni ní ibi tí kò ti sí ohun èlò. A ó fọ gbòǹgbò náà mọ́, a ó sè é nínú omi potassium hydroxide títí yóò fi mọ́lẹ̀ gaara. A ó ṣan án pẹ̀lú omi ní ìgbà mélòó kan. A ó wá da yíǹkì ìkọ̀wé sínú fínígà, yíǹkì 5 nínú 100, a ó sì se gbòǹgbò náà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3. Lẹ́yìn náà a ó rẹ ẹ́ sínú omi tí a kán fínígà díẹ̀ sí, kí yíǹkì lè kúrò lára gbòǹgbò, kí ó sì kù lára olú nìkan.

Nígbà tí mo fi gbòǹgbò tòmátì sí abẹ́ awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá, fọ́nrán náà wà níbẹ̀, ó ń gba àárín àwọn yàrá gbòǹgbò lọ bí ọ̀nà oko, ní àwọn ibòmíràn ó sì wọ inú yàrá, ó pẹ̀ka bí igi tí a ń wò láti òkèèrè ní àṣálẹ́. N kò rí irú rẹ̀ nínú gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀. Olùkọ́ wa ti gbà kí awò náà wà lórí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé ní yàrá sáyẹ́nsì ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ títí ìdánwò yóò fi dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó, kí ó mú gbòǹgbò láti oko tirẹ̀ wá. Kí ó sì ṣọ́ra fún potassium hydroxide náà, nítorí a máa jó ọwọ́.